Orúkọ 47, oníbàárà kan: báwo la ṣe ń fi kánópì wá oníbàárà adójútòfò lọ́jà Òṣogbo?

Ìbéèrè

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti di aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan níbí ní Òṣogbo. Ọ̀gá wa ní ká lọ máa wá oníbàárà nínú ọjà. Mo háyà kánópì àti àga, mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà Ọjà Ìgbóná fún ọjọ́ méjì, mo pín ìwé pélébé, mo sì ń fún ẹnikẹ́ni tó bá kọ orúkọ sílẹ̀ ní abọ́ oníke kan. Èèyàn 47 kọ orúkọ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ méjì, mo pè wọ́n. Àwọn kan ò gbé e, àwọn kan ní àwọn ò rántí mi, ẹnì kan péré ló ra ti ọkọ̀. Owó tí mo ná ò padà. Ṣé ọjà ni kò dáa fún iṣẹ́ yìí ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe?"

Ìdáhùn

Àbúrò mi, o kú ìdúró nínú oòrùn, o kú ìnáwó. Ọjà dára fún iṣẹ́ yìí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kò dára. Ọdún 17 ni mo ti ń ṣe é nílùú yìí, inú ọjà ni mo sì ti pàdé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bá mi ṣe títí dòní. Àmọ́ ohun tí o ní kí kánópì ṣe fún ọ kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. O ní kó bá ọ ta adójútòfò. Kò sẹ́ni tó ń ra adójútòfò lábẹ́ kánópì, lọ́wọ́ ẹni tí kò rí rí. Kánópì wà kí wọ́n lè mọ ojú rẹ, kí o sì lè ní ìdí tí o fi máa lọ bá wọn ní ìsọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ìsọ̀ wọn ni títà wà.

Abọ́ yẹn ni kí n kọ́kọ́ mú. Ẹni tó kọ orúkọ nítorí abọ́, abọ́ ló wá gbà, ó sì ti gbà á lọ. Mo mọ̀ ọ́n torí mo ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àpò ìrẹsì kan ni mo gbé sílẹ̀ ní Ọjà Ọba, mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ, a ó fa orúkọ ẹnì kan yọ nírọ̀lẹ́. Ìwé mi kún. Àwọn ọmọ tó ń ti ilé-ìwé bọ̀ kọ orúkọ, alábárù kọ, obìnrin kan kọ ti ara rẹ̀, ó kọ ti ìyá rẹ̀, ó tún kọ ti àbúrò rẹ̀ tó wà l'Ékòó. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n, ohun tí gbogbo wọn ń bi mí ni ẹni tó jẹ ìrẹsì náà. Ẹyọ ẹnì kan ò rà. Owó tí mo yá lọ́wọ́ àbúrò ìyá mi ni mo fi ra ìrẹsì yẹn, oṣù mẹ́fà ni mo fi san án.

Ohun tí mo ń fún èèyàn báyìí ni ìwé ìkọ̀wé kékeré kan, irú èyí tí àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò. Mo ti fi rúlà fa ìlà sí ojú ewé mẹ́ta àkọ́kọ́: ọjọ́ tí ẹ ra ọjà, ọjà tí ẹ rà, ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ti rà á, iye owó rẹ̀, àti èyí tó kù nínú ìsọ̀ nígbà tí oṣù parí. Ọ̀pọ̀ èèyàn á wò ó, wọ́n á ní àwọn ò nílò ìwé. Kò burú, mú ẹ̀bùn rẹ padà sọ́wọ́. Ẹni tó bá gbà á, tó wá dúró bi ọ́ pé "báwo ni mo ṣe máa kún un?", ẹni yẹn ní ọjà tó jọ ọ́ lójú, ó sì ti ń rò nípa ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí i. Orúkọ tirẹ̀ ni kí o kọ.

Ìwé yẹn kì í ṣe ọgbọ́n ìtajà lásán. Ohun kan ló fà á, ó sì ṣì ń dùn mí. Ìyá kan wà tó ń ta aṣọ, èmi ni mo bá a ṣe adójútòfò iná fún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a kọ ọ́, mo bi í pé èló ni ọjà inú ṣọ́ọ̀bù náà. Ó rò ó, ó sọ iye kan, èmi náà sì mọ̀ nínú ara mi pé ó kéré. Àmọ́ iye tó kéré á jẹ́ kí owó tó máa san lọ́dún kéré, kíá ló máa fọwọ́ sí i, mo sì ń wá oníbàárà lójú méjèèjì nígbà náà. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Kò pé ọdún kan, iná ṣẹ́ lóru. Ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà bèèrè ìwé yìí, wọ́n bèèrè ìwé tọ̀hún, rìsíìtì ọjà tó rà kò sí, orí ni gbogbo ìṣirò rẹ̀ wà. Oṣù márùn-ún kọjá kí owó tó jáde. Nígbà tó jáde, ó kéré sí ohun tó jóná níwọ̀n tó jẹ́ pé mi ò lè wò ó lójú.

Ó yẹ kí o mọ ìdí tó fi kéré, torí ọ̀pọ̀ nínú àwa aṣojú kì í sọ ọ́ lábẹ́ kánópì. Bí ọjà inú ṣọ́ọ̀bù bá tó mílíọ̀nù mẹ́rin náírà, tí ẹni náà wá fi mílíọ̀nù méjì ṣe adójútòfò rẹ̀, ìdajì ló dáàbò bò. Bí iná bá wá jó ọjà mílíọ̀nù kan nínú rẹ̀, 500,000 náírà ni ilé-iṣẹ́ máa san. Kì í ṣe mílíọ̀nù kan. Ó wà nínú ìwé àdéhùn, ẹnikẹ́ni kì í kà á. Ìwé ìkọ̀wé kékeré yẹn ló ń jẹ́ kí oníṣòwò mọ iye tí ọjà rẹ̀ tó gan-an, òun náà ló sì máa gbé síwájú ẹni tí ilé-iṣẹ́ bá rán wá díwọ̀n òfò.

Nínú oṣù márùn-ún yẹn, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ń lọ bá ìyá náà. Mi ò mú nǹkan kan dání. Ọjọ́ mìíràn wà tí kò dá mi lóhùn, mo máa jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tó ti ń ta ìwọ̀nba aṣọ tí wọ́n yá a, mo máa dìde. Gbogbo ìlà yẹn ń wò wá. Lẹ́yìn tí owó dé, tí ó ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi láìfi bò, òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ wọn. Èèyàn 14 ló ṣe é nínú ìlà náà kí ọdún tó yí po. Mi ò fún ẹnikẹ́ni nínú wọn ní abọ́.

Ó yá, ká wá sórí ibi tí o gbé kánópì sí. Ẹnu ọ̀nà ọjà, àwọn tó wá rajà ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó wá rajà ń kánjú. Ó lè jẹ́ Ìkìrun ló ti wá, ó lè jẹ́ Ẹdẹ tàbí Ìlobù, bó bá ti ra ata àti ẹja tán, ó dìgbà kan ná. Ẹni tó ń tà ni kí o máa wá. Ó wà níbẹ̀ láàárọ̀, ó wà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, wàá bá a níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Òun ló ni ọjà tí iná lè jó, tí olè lè kó, òun ló ń ti inú igbá kan san owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta. Inú ni kí o wọ̀.

Kí o tó wọ̀ ọ́, rìn yí ọjà náà ká lẹ́ẹ̀mejì láìmú ìwé kankan dání, kí o máa wo ìsọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ní ògiri, ìlẹ̀kùn irin àti àgádágodo, ilé-iṣẹ́ á fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ iná àti olè níbẹ̀. Ìsọ̀ pákó tí wọ́n fi tapólì bò, tí ọjà ń sùn síta, wọ́n á fà sẹ́yìn fún ti olè, kí o má lọ ṣèlérí ohun tí wọn ò ní gbà. Ẹni tó wà níbẹ̀ lè ṣe ti ara rẹ̀ dípò ti ọjà: ti jàǹbá, ti ìtọ́jú ilé ìwòsàn, tàbí ti ẹ̀mí pẹ̀lú ìfowópamọ́. Láti ọdún 2013 ni àjọ NAICOM, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wa, ti gbé ìlànà jáde fún adójútòfò aláìlówó-ńlá, tí oníṣòwò kékeré lè máa san díẹ̀díẹ̀. Bèèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ bóyá wọ́n ní irú rẹ̀. Bí wọn ò bá ní, mọ̀ pé ìlà oníṣọ́ọ̀bù ni ibi tìrẹ, kí o má fi àkókò àwọn aláta ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ, kíákíá: ìlú wa wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ìgbóná, Ọlọ́rundá ló ni ín, ibẹ̀ gan-an ni olú ilé-iṣẹ́ wọn wà. Ọjà Ọba lẹ́bàá ààfin Àtáọ́ja, ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo ni. Rìsíìtì tí o gbà ní ọ̀kan kò ní gbà ọ́ sílẹ̀ ní èkejì. Ṣùgbọ́n rìsíìtì ìjọba nìkan kò tó. Lọ kí ìyálọ́jà, lẹ́yìn náà kí o lọ kí olórí ìlà tí o fẹ́ jókòó sí. Kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, má sọ ju gbólóhùn kan lọ nípa iṣẹ́ rẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni ẹgbẹ́ ń ṣèpàdé, kí o tọrọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ìyálọ́jà fi orúkọ pè ọ́ láàárín ẹgbẹ́ ti ṣe mí lóore ju ọjọ́ mẹ́ta lábẹ́ kánópì lọ.

Má ṣe lọ bá ẹni tí kò tíì ta ọjà àárọ̀. O mọ̀ ọ́n, ọmọ ọjà ni gbogbo wa, àmọ́ mo ṣì ń rí àwọn aṣojú tó ń gbé ìwé síwájú oníṣòwò ní aago mẹ́jọ. Ohun tó máa kọ́kọ́ jáde láàárọ̀ lọ́wọ́ ẹni náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ fún ọ. Láàárín aago kan sí mẹ́ta ọ̀sán, tí oòrùn mú, tí àwọn Mùsùlùmí ti kírun Ayílà tán, tí ìyá na ẹsẹ̀ tó ń fi ìwé pélébé tí o fún un fẹ́ ara rẹ̀, ìgbà yẹn ló ní etí. Ọ̀sán Jímọ̀ kì í ṣe tìrẹ. Oṣù kẹjọ tí ìlú kún fún àlejò ọdún Ọ̀ṣun kì í ṣe tìrẹ náà, bó ti wù kí èrò pọ̀ tó, torí àlejò ò ní ìsọ̀ tí o máa bá a sí.

Ẹnu wá ńkọ́? Má fi ikú bẹ̀rẹ̀. Bí oníṣòwò bá gbọ́ "tí ẹ bá kú", á ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́", á sì kọjú sí ọjà rẹ̀, ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Má sì kó àwòrán ibi tí iná ti jó kọ́ ara kánópì. Gbogbo wa la rántí Ọjà Akẹ̀sán nílùú Ọ̀yọ́ tó jóná ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2020. Wọn ò nílò kí o dá ẹ̀rù bà wọ́n. Bí ẹnì kan bá fúnra rẹ̀ mẹ́nu bà á, kí o dáhùn. Àjọ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. "Ìyá, èló lẹ̀ ń dá lójúmọ́? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe tí ẹ bá kó o?" Á sọ fún ọ. Ọmọ tó ń wọ yunifásítì, ilẹ̀ tó fẹ́ rà, ọjà tó fẹ́ fi kún ìsọ̀. Ohun tó bá dárúkọ yẹn ni ohun tó ń bẹ̀rù pé kó má bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, orí rẹ̀ ni kí o gbé ọ̀rọ̀ rẹ lé.

Lẹ́yìn náà, sọ ìyàtọ̀ fún un láìfi bò. Owó àjọ, tìrẹ ló ń padà sọ́wọ́ rẹ. Owó adójútòfò ọjà tàbí ti ọkọ̀, gbogbo wa la dá a jọ láti fi gbé ẹni tí òfò ṣẹ̀ dìde. Bí ọdún bá parí tí òfò ò ṣẹlẹ̀ sí ọ, owó yẹn ò padà. Mo ti gbọ́ aṣojú tó sọ fún oníṣòwò pé "ẹ máa kó o lọ́dún tó ń bọ̀", kó lè jọ àjọ. Ọdún kejì dé, oníṣòwò lọ bèèrè owó rẹ̀, ariwo sọ. Odidi ìlà kan ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wa nítorí ẹnu ẹyọ ẹnì kan. Ẹgbẹ́ wọn ti ń dá owó fún ọmọ ẹgbẹ́ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ láti ìgbà ìwásẹ̀, wọn kì í sì í retí pé kí owó yẹn padà. Ìyẹn ló súnmọ́ iṣẹ́ wa ju àjọ lọ, á sì yé wọn kíákíá tí o bá fi ìyẹn sọ ọ́.

Ní ti ẹni tó bá sọ pé ẹ̀sìn òun ò gba owó èlé, má bá a jiyàn. Mùsùlùmí pọ̀ gan-an nílùú wa. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní tákáfúlù, tó bá òfin Ìsìláàmù mu, NAICOM ti gbé ìlànà tirẹ̀ náà jáde ní 2013. Bí ilé-iṣẹ́ rẹ ò bá ní i, fà á lé aṣojú tó ní i lọ́wọ́. Á rántí pé o ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fẹ́ ra ti ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ kí o fi rọ́pò abọ́ tí o bá fẹ́ ohun tó ń pe èèyàn wá. Kò sí ẹ̀bùn tó ń kó èèyàn wá sọ́dọ̀ mi bíi yíyẹ ìwé ọkọ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ilẹ̀ wa ní àkọsílẹ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ NIID. Bí o bá ti tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sí i, á sọ fún ọ bóyá ìwé adójútòfò rẹ̀ jẹ́ ojúlówó, bóyá ọjọ́ rẹ̀ sì ti pé. Mo kọ ọ́ sí pátákó gàdàgbà: "Ẹ mú nọ́ńbà ọkọ̀ yín wá, a ó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀fẹ́ ni." Onímàrúwá á yà, oní-Sienna tó ń kó ọjà á yà, ọkọ ìyá aláṣọ tó wá gbé e lọ sílé á yà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 tí ọlọ́pàá ti ní àwọn máa mú ẹni tí kò ní ojúlówó, ọ̀rọ̀ náà ti wọ gbogbo èèyàn lára.

Ìwọ yóò sì rí ayédèrú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, owó adójútòfò tó kéré jù fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni ti kúrò ní 5,000 náírà, ó ti di 15,000. Kẹ̀kẹ́ onítáyà mẹ́ta jẹ́ 5,000, ọ̀kadà 3,000. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé òun ra ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òun ní 2,500 náírà lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀, o ti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Má pariwo. Má jẹ́ kí àwọn tó dúró níbẹ̀ mọ̀. Yí fóònù sí i kó fojú ara rẹ̀ kà á, kí o wá ṣàlàyé pé ojúlówó tó jẹ́ 15,000 yẹn, bí òun bá kọ lu ọkọ̀ tàbí ilé ẹlòmíràn, ilé-iṣẹ́ lè bá òun san ohun tó bàjẹ́ dé mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Kò sí nínú rẹ̀ kí wọ́n tún ọkọ̀ tirẹ̀ ṣe, sọ ìyẹn náà fún un. Ẹni tí o bò láṣìírí báyìí kì í gbàgbé rẹ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọkọ̀ ti jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún mi dé ṣọ́ọ̀bù.

Owó ńkọ́? Má gba owó lábẹ́ kánópì, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan. Àwọn ará ọjà wa ti rí alájọ tó sá lọ, wọ́n ti rí àwọn tó ní owó á di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan. Bí o bá na ọwọ́ gba owó, wọ́n ti pín ọ mọ́ wọn. Àkáǹtì ilé-iṣẹ́ ni kí wọ́n sanwó sí, níṣojú wọn ni kí rìsíìtì ti wọlé. Láti Òfin Adójútòfò 2003 la ti mọ̀ pé tí owó ò bá wọlé, ààbò ò bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹni tó san ìdajì fún ọ "kí o bá a fi pamọ́" kò ní nǹkan kan, bí òfò bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, ọrùn rẹ ló wà. Ìwé àṣẹ tí NAICOM fi ní kí o máa ṣe aṣojú, fi í sínú férémù, gbé e kọ́ ibi tí ojú ti lè tó o. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé bí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá wọlẹ̀ ńkọ́, òfin tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2025 ti ní kí àpò owó kan wà láti dáàbò bo àwọn tó ra adójútòfò. Ó yẹ kí ìyẹn wà lẹ́nu rẹ.

Nígbà tí o bá ń kọ orúkọ, orúkọ inú ìwé-ẹ̀rí nìkan ò lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Bí o bá wọ Ìgbóná tí o ń bèèrè ẹni tó ń jẹ́ Sherifat, o máa bèèrè títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kọ ohun tí ọjà ń pè é, Ìyá Ìbejì, Ìyá Ayọ̀, Alhaja oníléèsì. Kọ ìlà rẹ̀, ohun tó ń tà, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ohun tó sọ nígbà tí o bi í nípa àjọ, ní ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ gan-an. Kọ ọjọ́ tó ní kí o wá. Má tẹ́ ìwé orúkọ sílẹ̀ gbalaja kí ẹni kejì máa ka nọ́ńbà ẹni àkọ́kọ́. Òfin ààbò dátà ti 2023 ní kí o gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni kí o tó tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀, kí o sì sọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe. Bí ọ̀gá rẹ bá ní kí o kó orúkọ náà fún ẹlòmíràn, sọ pé wọn ò fún ọ láṣẹ ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì tí o jẹ́ kó kọjá ló pa iyekíye tó wà nínú 47 yẹn. Ọjọ́ kejì, ó pẹ́ jù ọjọ́ kẹta, kí o ti dé ìsọ̀ rẹ̀. Má pè é, ariwo ọjà ò ní jẹ́ kó gbọ́ ọ, bó bá sì gbọ́ ọ, nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni. Fi ẹsẹ̀ lọ. Kí i, bi í nípa ọjà, bi í bóyá ó ti kọ nǹkan sínú ìwé. Bó bá ti kọ, wo ó pẹ̀lú rẹ̀, ẹ jọ ṣírò rẹ̀. Bí kò bá tíì kọ, bá a kọ ìlà kan, kí o lọ. Ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin ni mo sábà máa ń mú ìwé àdéhùn jáde.

Ọjọ́ méjì ò tó. Kánópì ńlá fún ọjọ́ méjì ń jẹ owó tó lè gbé agboòrùn kan àti àga méjì fún oṣù méjì. Yan ọjọ́ kan, bóyá Ìṣẹ́gun, yan ojú kan tí olórí ìlà bá fún ọ, kí o máa jókòó síbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láìyẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n á máa bi ara wọn léèrè ohun tí o ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, bí o bá pẹ́, wọ́n á ní "o pẹ́ lónìí". Èmi máa ń wé gèlè àdìrẹ kan náà ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ìlú aró ṣáà ni wá. Ẹni tí kò rántí orúkọ mi á sọ pé "ìyá aládìrẹ tó ń kọ ìwé fún èèyàn", ó sì tó.

Orúkọ 47 yẹn, má jù wọ́n nù. Lọ́la, fa igi lé gbogbo ẹni tí kò ní ìsọ̀ ní Ìgbóná. Ó lè ku mẹ́wàá, ó lè ku mẹ́jọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ra ti ọkọ̀ ni kí o kọ́kọ́ lọ, kí ẹ jọ yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò lórí NIID kó rí i pé òótọ́ ni, kí o wá bẹ̀ ẹ́ kó mú ọ dé ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ra ìwé ìkọ̀wé mẹ́wàá, fa ìlà sí i lálẹ́ òní. Nígbà tí o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ní àwọn ò rántí rẹ, sọ fún wọn pé ìwọ lo fún wọn ní abọ́ oníke lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á rántí abọ́. Jókòó, kí o fa ìwé náà yọ.